Lórí Ìkúnlẹ̀ Ni Kó Ti Jù Ú

Ẹni tó bá fẹ́ sọ fún mi pé kí n má bínú mọ́, kó jókòó ná, kó gbọ́ ohun tí Raymond ṣe. Bó bá gbọ́ ọ tán tí inú kò bí i, kó lọ yẹ ara rẹ̀ wò, bóyá omi ló ń ṣàn nínú rẹ̀ dípò ẹ̀jẹ̀.

Èmi ni Ìgè. Àwọn Fadá rì mí bọmi ní Atakpamé, wọ́n sọ mí ní Yvette, mo sì gbà. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni mo fi wáyé, ẹsẹ̀ yẹn náà ni mo ṣì ń ta títí di òní. Aránṣọ ni mí ní ìlú Atakpamé. Raymond ni àbúrò mi, àwa méjì péré ló yè nínú àwọn tí ìyá wa Àpọ̀kẹ́ bí. Nígbà tí wọ́n bí i, ilẹ̀ tí wọ́n sin bàbá wa sí kò tíì gbẹ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Bàbárímisá. Kò fẹ́ràn orúkọ náà rí. Àwọn ọmọ ilé ìwé a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á ní ojú rẹ̀ ló burú tó bẹ́ẹ̀ tí bàbá rẹ̀ fi rí i tó sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ta ló ń bá wọn jà? Èmi ni. Ta ló ń gba ẹ̀ṣẹ́ nítorí rẹ̀? Èmi náà ni. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Inú yàrá bàbá wa Ògúnlàdé gan-an ni wọ́n sin ín sí, ní abúlé wa létí odò Mono, bí wọ́n ṣe ń sin olórí ilé lọ́dọ̀ wa. Ìyá mi a máa gbá ibẹ̀ láràárọ̀, a sì máa kí i kó tó jáde. Lọ́dọọdún, bí iṣu tuntun bá ti jáde, ẹnikẹ́ni nínú ilé kò gbọdọ̀ fi nǹkan tuntun kan ẹnu títí wọ́n á fi gbé ti bàbá fún un. Ọmọkùnrin rẹ̀ ni yóò kúnlẹ̀, tí yóò fi ọwọ́ méjèèjì gbé e kalẹ̀, tí yóò sọ pé, "Bàbá, oúnjẹ yín rèé." Raymond ló ń ṣe é látìgbà tó ti gbọ́n. Ó ń ṣe é bí ẹni tó ń da ilẹ̀ nù, ṣùgbọ́n ó ń ṣe é.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ dí odò ní Nangbéto, tí omi rẹ̀ yóò sì bo abúlé wa, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá ka ilé, wọ́n ka igi, wọ́n sì béèrè ibojì. Ohun tí wọ́n sọ kò burú. Wọ́n ní ẹni tó bá ní òkú nínú ilé kó wí, àwọn yóò mú ewúrẹ́ ètùtù wá, àwọn yóò sì dúró kó bu ilẹ̀ orí òkú rẹ̀ lọ sí ibi tuntun. Àwọn aládùúgbò wa wí tiwọn, wọ́n sì bu ti bàbá wọn lọ. Faransé ni àwọn èèyàn náà ń sọ. Ìyá mi kò gbọ́ Faransé, bó tilẹ̀ gbọ́ ọ, obìnrin kì í nàka sí ibojì ọkọ rẹ̀ fún àlejò nílé wa. Ọmọkùnrin ló ń dáhùn. Ìyá mi wá wojú Raymond. Raymond ti Lomé wá fún ọjọ́ yẹn, ó wọ bàtà dúdú tó ń dán àti ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Ó la ẹnu, ó ní, "Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀."

Kò sí ẹnì kankan! Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ìyá mi rò pé ó ti sọ ohun tó yẹ kó sọ. Ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, ó ń retí ewúrẹ́ ètùtù. Ìgbà tó ń retí ewúrẹ́, omi ló rí. Lọ́dún 1987 ni, òjò pọ̀, odò wú láàárín ọjọ́ díẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó lè padà lọ bu ẹ̀kúnwọ́ erùpẹ̀ kan, yàrá Ògúnlàdé ti wà lábẹ́ omi. Lẹ́yìn náà ni ọ̀kan nínú àwọn aládùúgbò tó gbọ́ Faransé díẹ̀ sọ fún wa ohun tí Raymond wí.

Lọ́dún yẹn, ìyá mi kò jẹ iṣu tuntun. Kò jẹ àgbàdo tuntun, kò jẹ ẹ̀wà tuntun. Ó ní olórí ilé kò tíì jẹun. Èlùbọ́ àti ẹ̀wà àtijọ́ wà nínú àká tí a gbé wá sí abúlé tuntun, ó ń jẹ ìyẹn díẹ̀díẹ̀. A rò pé yóò gbàgbé. Háà, Àpọ̀kẹ́ kọ́ ló ń gbàgbé nǹkan! Nígbà tí iṣu ọdún kejì yóò fi jáde, àká ti ṣófo, ìyá mi sì ń mu omi gàrí, egungun èjìká rẹ̀ ti yọ sókè. Mo gbé búrẹ́dì lọ fún un láti Atakpamé. Ó yí i wò, ó bi mí pé ìyẹ̀fun ọdún wo ni wọ́n fi ṣe é. Ta ló mọ ọdún ìyẹ̀fun!

Mo ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ ká gbé iṣu bàbá sí etí omi, ká sọ fún wọn pé ibẹ̀ la lè dé."

Ó ní, "Ṣé ìta ni wọ́n ń gbé oúnjẹ olórí ilé sí, bíi ti ajá?"

Mo lọ bá François, ọ̀kan nínú àwọn apẹja tó gbé ọkọ̀ ojú omi wọn wá láti ìsàlẹ̀ odò, pé kó gbé wa dé ojú ibi tí ilé wa wà. Kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Ó ní àwọn igi tó dúró lábẹ́ omi níbẹ̀ ti ya ọkọ̀ ẹnì kan sí méjì, pé wọn kò sì rí ẹni náà mọ́. Ó búra pé òun kò ní gbé èèyàn débẹ̀, òun kò sì ní dá débẹ̀. Kí ni mo fẹ́ bá a jà sí? Ó ní ọmọ nílé.

Ẹni tí mo fẹ́ bá jà wà ní Lomé. Mo wọ tákísí.

Ọjọ́ Àìkú ni mo débẹ̀. Àwọn ará ilé rẹ̀ ní ó wà létí òkun. Mo ní létí òkun kẹ̀? Ìyá rẹ̀ ń kú lọ, ó wà létí òkun! Mo fi ẹsẹ̀ rìn débẹ̀ nínú oòrùn. Mo bá a tó dúró lórí yanrìn pẹ̀lú ọ̀pá ìpẹja kan tó ga tó èèyàn méjì. Ní ìdí ọ̀pá náà ni ohun tí wọ́n ń pè ní mulinẹ́ wà: bọ́bìnnì irin ńlá tí wọ́n ká okùn sí, tó ní ọwọ́ tí wọ́n fi ń yí i. Òyìnbó ọ̀gá rẹ̀ kan tó ń padà sí ìlú rẹ̀ ló fún un. Raymond fẹ́ràn nǹkan náà ju bó ti fẹ́ràn ẹnikẹ́ni lọ, ọjọ́ gbogbo ló ń fi aṣọ nù ún.

"Raymond!"

Ó yíjú padà. "Háà, ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ káàbọ̀. Ṣé kò sí o?"

"Ó wà! Ìyá rẹ ń kú lọ. Ebi ló ń pa á, ìwọ sì ni ebi náà."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, àwọn èèyàn ń wò wá."

"Kí wọ́n máa wò! Kí wọ́n wá wo ẹni tó gbé bàbá rẹ̀ fún ẹja jẹ! Ta ní kò sí níbẹ̀? Ta ni ìyá rẹ ń gbálẹ̀ orí rẹ̀ láràárọ̀? Ta ni o ń kúnlẹ̀ fún lọ́dọọdún?"

Ó gbé ojú sílẹ̀. Ó ní, "Kí lẹ fẹ́ kí n wí? Kí n sọ ọ́ lédè Faransé pé orí òkú là ń sùn? Ọ̀kan nínú wọn bá mi kàwé. Ojú tì mí. Ẹ̀yin mọ bàbá, ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n gbé yín jó. Èmi ńkọ́? Ẹni tí mi ò rí rí, tí wọ́n ní ó rí mi ó sá, kí ló kàn mí kan egungun rẹ̀?"

Mo bu yanrìn, mo dà á lé e lórí. Mi ò tọrọ àforíjì fún ìyẹn, mi ò sì ní tọrọ rẹ̀ láé. Ó kàn yíjú sí òkun bí ọmọ tó ń dijú, ó gbé ọ̀pá rẹ̀ sẹ́yìn, ó sì fi gbogbo ara jù ú. Òjé tó wà lẹ́nu okùn fò lọ, ó kọjá ìgbì àkọ́kọ́, ó kọjá ìkejì, ó ń lọ ṣáá. Mo ń bú u lọ ní tèmi, mo ti dé orí ọmọ tó ní ìyá òun kò ní sùn, ṣùgbọ́n ojú mi ń tẹ̀ lé òjé yẹn. Nígbà tó balẹ̀ sínú omi, ẹnu mi dákẹ́ fúnra rẹ̀.

Mo ní, "Ká okùn yẹn. Palẹ̀ mọ́. À ń lọ sílé."

"Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ ń bẹ lọ́la."

"Raymond, bí mo bá tún bu yanrìn, ojú rẹ ni yóò lọ."

A gba ọ̀nà Glei wọlé. Nígbà tí a dé etí omi, nítòsí abúlé tuntun, mo fi ọwọ́ hàn án. Igi àràbà tó wà nínú àgbàlá wa ṣì yọ orí síta nínú adágún náà, ó ti gbẹ, àwọn ẹyẹ ti sọ ọ́ di ilé. Abẹ́ òjìji igi yẹn, níhà ọ̀dọ̀ wa, ni yàrá bàbá wà. Àwọn kùkùté igi kún inú omi láti etí bèbè títí dé ìdajì ọ̀nà. Raymond wo ibẹ̀, ó wọn ọ̀nà lójú. Ó dúró, ó ya ẹsẹ̀, ó jù ú. Òjé balẹ̀ létí igi àràbà, pọ́ọ́! Mo pàtẹ́wọ́ kí n tó rántí pé mò ń bínú.

Ìyá wa ti dé ẹ̀yìn wa láìjẹ́ pé a mọ̀, ó fara ti ọ̀pá rẹ̀. Ó ní, "Kí lẹ̀ ń ṣe níbí?"

Mo ní, "Ìyá, báyìí ni oúnjẹ bàbá yóò ṣe dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọwọ́ ọmọ wọn ni yóò ti lọ."

Mo mọ̀ pé a kì í ju oúnjẹ sí àgbà, mo sì ti ń wá ohun tí mo fẹ́ sọ. Ó wo igi àràbà, ó wo ọ̀pá tó wà lọ́wọ́ Raymond. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹni tó wà lódìkejì odò, igbe la fi ń kí i. Jíjù kò burú, ibi tí wọ́n wà ló fà á. Ìdúró yẹn ni mi ò gbà. Ta ló ń nàró gbé oúnjẹ fún Ògúnlàdé? Lórí ìkúnlẹ̀ ni kó ti jù ú."

Raymond kúnlẹ̀. Ó jù ú. Àárín kùkùté ni òjé bọ́ sí, kò dé ìdajì ọ̀nà. Ó tún jù ú, kò yàtọ̀. Ó jù ú títí ó fi ń mí bí ajá ọdẹ.

"Ìbàdí àti ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń ju nǹkan yìí!" ló pariwo. "Kì í ṣe orúnkún! Ìyá, ẹ jẹ́ kí n dìde, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo péré!"

Ìyá mi jókòó sílẹ̀ lórí koríko. Ó ní, "Mi ò kánjú. Ṣebí mi ò jẹun."

Ẹ ò rí nǹkan! Èmi ni mo wá gba ọ̀pá náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fi ìka yí bọ́bìnnì mulinẹ́ náà. Ó yí díẹ̀, ó dúró. Ó ń lọ́ra bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò fẹ́ lọ. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ, mo mọ ohun tó ń sáré, mo mọ ohun tó ń wọ́.

Mo ní, "Kí ni wọ́n kì sínú èyí?"

"Gíríìsì ni. Ti òkun ni, wọ́n kó èyí tó nípọn sínú rẹ̀ kí iyọ̀ má bàa jẹ ẹ́."

"Iyọ̀ wo ló wà níbí? Dìde, à ń lọ sí Atakpamé."

Orí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ ni mo tẹ́ mulinẹ́ náà sí. Bí mo ṣe mú tọnavísì tí mo fi ń tú ẹ̀rọ mi, Raymond gbá ọwọ́ lé orí. Ọkùnrin tó la ẹnu ta ibojì bàbá rẹ̀ nù, òun ló ń gbọ̀n nítorí irin!

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra o. Ẹ rọra. Wọn kì í tú u o!"

"Dákẹ́ ẹnu rẹ. Ìgbà tó yẹ kí o sọ̀rọ̀, o ò sọ ọ́."

Mo tú u. Gíríìsì inú rẹ̀ ti dúdú, ó ki bí ọbẹ̀ àná. Mo fi epo àtùpà fọ gbogbo rẹ̀ títí irin fi ń dán, mo nù ún gbẹ, mo sì kán òróró ẹ̀rọ ìránṣọ sí i ní ìkán díẹ̀díẹ̀, èyí tó ṣàn bí omi. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà níwájú bọ́bìnnì tó ń lọ tó ń bọ̀ láti máa to okùn. Nǹkan dáadáa ni nígbà tí wọ́n bá ń ká okùn wọlé, ṣùgbọ́n bí okùn bá ń jáde, ńṣe ló ń ha á lára. Mo yọ ọ́. Mo ní kí Raymond máa fi àtàǹpàkò to okùn rẹ̀, ṣebí ó ní méjì.

Okùn tó wà lórí rẹ̀ pàápàá nípọn, kò sì kún. Òwú tó bá rì sí ìsàlẹ̀ bọ́bìnnì, ó ní láti gun òkè kó tó jáde, ibẹ̀ ni agbára ń ṣòfò sí. Mo rán Raymond lọ sọ́jà kó ra èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́. A jùmọ̀ ká a, òun di òpin kan mú, èmi ń yí ọwọ́ ẹ̀rọ, títí okùn fi kún dé etí bọ́bìnnì, ó kù díẹ̀ kó yọ síta. Láti kékeré ni a ti máa ń ká òwú báyìí fún ìyá wa, mo sì rí i lójú rẹ̀ pé ó rántí. Mo wo ibòmíràn.

Ó ku bíréèkì, àwọn ohun kékeré méjì tó ń ha bọ́bìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó má bàa sáré jù. Mo yọ méjèèjì.

Raymond ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má yọ ìyẹn. Bọ́bìnnì yóò sáré ju okùn lọ, yóò lọ́."

"Ta ló ń kọ́ ta níṣẹ́ òwú?"

A padà sí etí omi. Ó kúnlẹ̀, ó jù ú. Bọ́bìnnì náà kùn bí oyin, òjé dé ọ̀run, lẹ́yìn náà ni gbogbo okùn tú jáde lẹ́ẹ̀kan, ó lọ́ mọ́ ara rẹ̀ bí irun wèrè. A fi ọ̀sán ọjọ́ yẹn tú okùn. Raymond kò sọ pé "mo wí fún yín." Ì bá sọ ọ́, ǹ bá jù ú sómi. Mo dá bíréèkì kan padà, mo fi ìkejì sílẹ̀.

Ó tún jù ú. Lọ́tẹ̀ yìí, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ náà já pàù nígbà tó fi agbára jù ú, òjé sì fò lọ bá àwọn ewúrẹ́ ẹnì kan. Raymond ló wí pé létí òkun, àwọn tó mọ̀ ọ́n jù a máa fi okùn tó nípọn sí iwájú, kó lè fara da ìjà àkọ́kọ́, kí tẹ́ẹ́rẹ́ sì máa tẹ̀ lé e. Mo ní kí ló dé tí kò tíì sọ ọ́ látàárọ̀. Ó ní mo ní kí òun dákẹ́ ẹnu òun. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, mo gbé e mì.

Ó so okùn nípọn sí iwájú. Ó jù ú, ó jù ú, àtàǹpàkò rẹ̀ bó, ó fi àkísà wé e, ó tún jù ú. Orúnkún rẹ̀ gbẹ́ ihò méjì sínú ilẹ̀ bèbè. Ìyá mi ń wò wá láti abẹ́ igi, ojú rẹ̀ ti jìn sínú. Nígbà tí oòrùn ń rẹlẹ̀, òjé kọjá gbogbo kùkùté, ó balẹ̀ lábẹ́ igi àràbà. Ó tún jù ú, ó tún débẹ̀. Lórí ìkúnlẹ̀ o! Ó yíjú wò mí, eyín rẹ̀ hàn.

Mo ní, "Kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín? Ṣé o ti tún un ṣe tán ni?"

Ó ká okùn rẹ̀ wọlé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá mi fúnra rẹ̀ ló mú iṣu. Ó mú èyí tó kéré, tó rí múlọ́múlọ́, tí ọwọ́ kan lè gbé. Ó fi epo pa á lára. Mo ti rán àpò kékeré kan fún un láti inú aṣọ àtijọ́ bàbá wa. Ẹnu àpò náà ni mo rán fẹ́rẹ́, bí a ṣe ń so aṣọ pọ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí a tó rán an gan-an, kó lè jẹ́ pé bí Raymond bá fa okùn tu, òwú yóò yọ, iṣu yóò jókòó sọ́dọ̀ bàbá, àpò àti okùn yóò sì padà wá. Raymond fẹ́ okùn rẹ̀ padà. Ó ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, ó ní òun kò ní fi okùn sílẹ̀ nínú omi.

Ó bọ́ bàtà dúdú rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sínú ihò méjì tó ti gbẹ́. Ó kùn ún lẹ́nu kíákíá, bó ṣe máa ń ṣe, "Bàbá, oúnjẹ yín rèé," ó gbé ọ̀pá sẹ́yìn, ó sì jù ú.

Bọ́bìnnì náà kò ké, ó kàn ń mí. Iṣu náà ń lọ lókè omi, aṣọ bàbá mi lára rẹ̀, ó kọjá kùkùté, ó kọjá ibi tí àgbàdo wa máa ń wà tẹ́lẹ̀, ó kọjá ibi tí kànga wà. Níhà ọ̀dọ̀ wa, lábẹ́ igi àràbà, níbi tí ẹnu ọ̀nà yàrá wà gan-an, ó wọlé sínú omi. Àwọn ẹyẹ fò. Okùn ń lọ sísàlẹ̀, ó ń lọ, lẹ́yìn náà ó dúró.

Ìyá mi ní, "Ó ti dé."

Raymond mí kanlẹ̀. Ó di ọwọ́ mulinẹ́ mú, ó fà á tu bí mo ṣe kọ́ ọ. Okùn kò wá. Ó tún fà á. Ọ̀pá tẹ̀ kọrọdọ, okùn le gbandi lórí omi, kò wá. Ó fà á sí ọ̀tún, ó fà á sí òsì. Òógùn bo ojú rẹ̀.

Ó ní, "Ó ti há. Nǹkan ti dì í mú."

Èmi mọ ohun tó dì í mú. Kùkùté ni, tàbí igi àjà ilé wa tó wó. Mo ti la ẹnu láti sọ ọ́, pé kó gé e, kó yé ṣe bí ọ̀lẹ. Ìyá mi ti dìde. Ó rìn bọ̀ díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Raymond tó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, ó sì fi ìka kan okùn náà, ó ń gbọ́ bó ṣe ń gbọ̀n.

Ó ní, "Bàbárímisá."

Ọjọ́ ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pè é bẹ́ẹ̀.

"Bàbárímisá, o sọ fún wọn pé kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Ta ló wá di okùn rẹ mú?"

Raymond wo okùn. Ó wo igi àràbà. Kò fa okùn náà mọ́. Ó kàn di ọ̀pá mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, gírígírí, bí ẹni tí wọ́n fún ní nǹkan gbé.

Ìyá mi ní, "Dá wọn lóhùn. Wọ́n ti dúró dè ọ́ pẹ́."

Ó ní, "Bàbá." Ó tún un sọ, ohùn rẹ̀ ti fọ́. "Bàbá, èmi ni."

Omijé ń bọ́ sórí mulinẹ́ òyìnbó rẹ̀, kò sì nù ún. Mo ṣì ń bínú sí i. Mo ń bínú sí i lónìí yìí tí mò ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mi ò sọ ọ̀rọ̀ kùkùté, mi ò sì ní sọ ọ́ fún un láé.

Ìyá mi yíjú sí mi. Ó ní, "Ìgè, o ṣì dúró. Dá iná, kí o sun iṣu fún mi. Ebi ń pa mí."